Fìlà Fún Fóònù, Ẹsẹ̀ Lábẹ́ Tábìlì

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ọkùnrin tó ń dé fìlà fún fóònù. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọba ń dé adé fún ìlú, adájọ́ ń dé irun funfun fún ẹjọ́, ṣùgbọ́n bàbá Ìjẹ̀bú-Òde tí ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun ń dé fìlà fún gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, láìsí ìlú, láìsí ẹjọ́, òun nìkan nínú ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jẹun tán, ẹ rìn kọjá ní àdúgbò wa kí ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹ ó rí àgbà tó gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Yóò máa sún agolo náà síwá sẹ́yìn kí ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri má bàa hàn, kí ìwé ẹ̀rí tó wà nínú férémù sì lè yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó wọ bùbá tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó gẹ fìlà sí ọ̀tún. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà ni. Ìdajì ènìyàn ló wọṣọ, ìdajì yẹn sì ni ọmọ ń rí ní Kánádà, tó ń torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ní gbogbo àdúgbò. Ọ̀gá ni mò ń pe aládùúgbò mi tí ilé rẹ̀ wà lókè díẹ̀ sí tèmi, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lójú títì. Ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé gírámà kan lọ́nà Ayépé, kò sì tíì fẹ̀yìn tì níbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé Èkó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé Kánádà. Èmi ní tèmi, ìyàwó mi wà láyé, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ó lọ bá ọmọbìnrin wa wẹ ọmọ. Ọmọ tó lọ wẹ̀ yẹn ti ń dá wẹ̀ báyìí, ó ti ń lọ sílé-ìwé, ó ti ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò gbọ́ lórí fóònù, ìyàwó mi ò sì tíì dé. Mi ò bínú. Ilé mi ní yàrá púpọ̀, mo sì ti mọ èyí tí ohùn máa ń dún padà nínú rẹ̀ jù.

Ọ̀gá ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Yunifásítì tí mo ti kọ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni òun ti fi ọwọ́ òun gbé ga láyé òun, pé ọ̀kan sí i kò lè pa òun lára.

Ohun tó so wá pọ̀ ni kí a máa sin ara wa sọ́nà. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í dá jáde. Onílé á sìn ín dé ibì kan kó tó padà. Àwa méjèèjì sọ ọ́ di àìsàn. Bí mo bá lọ kí Ọ̀gá, á sìn mí dé géètì mi. Èmi náà á ní kò dára kí àgbà dá rìn padà, màá sìn ín dé géètì tirẹ̀. Òun náà á tún ní àlejò òun ṣì ni mí. Ẹni tó bá ń wò wá láti òkèèrè á rò pé ọmọlúàbí ló pọ̀ lára wa jù. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ nínú wa.

Nínú ìrìn yìí ni mo ti rí gbogbo rẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀, tí mi ò sì mọ ohun tí mò ń rí.

Ọ̀rọ̀ èèrà ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá sọ fún mi pé èèrà ti wọ bẹ́ẹ̀dì òun. Bí òun bá ti na ẹsẹ̀ báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun, wọ́n á máa ta òun wínníwínní, ṣùgbọ́n bí òun bá tan iná, òun ò ní rí ẹyọ kan. Ó ra oògùn kòkòrò alágolo, ó fọ́n ọn sí bẹ́ẹ̀dì títí òun fúnra rẹ̀ fi ń wúkọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n gbé fóòmù jáde, ó sá a sóòrùn níwájú ilé. Mo dúró ti fóòmù náà, mo bi í bóyá àwọn èèrà ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin tó ń wá bá a tún ilé ṣe jà. Ó ní kò gbálẹ̀ dáadáa mọ́, pé iyanrìn wà lórí táìlì, òun ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Mo wo táìlì náà. Èèyàn lè gbé oúnjẹ lé e kó jẹ ẹ́. Ní ìgbà mìíràn, ó ní kì í ṣe iyanrìn mọ́, ó dà bí ìgbà tí òun wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òun lásán ni. Ìrìn rẹ̀ náà yí padà. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀ gìdì, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ń rìn bíi kọmíṣọ́nnà tó fẹ́ lọ ṣí ẹ̀rọ omi. Inú rẹ̀ dùn sí i. Mo rò pé ó tiẹ̀ fi kún un ni.

Nígbà kan, ó ṣubú nínú balùwẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ kun ojú, ó dijú, ilé bá yí. Ó sọ fún mi pé bí ojú òun bá là, òun dúró ṣinṣin, àfi bí òun bá ti pa á dé báyìí. Àwa méjèèjì jókòó, a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé, a sì dá ọṣẹ lẹ́bi. Ó pààrọ̀ ọṣẹ.

Kì í ṣe pé Ọ̀gá ò mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún un. Ó ti jáwọ́ nínú ṣúgà, ó ti jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì sì ti di ohun tó ń fi ojú wò. Ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú kò sí nínú ìjáwọ́ náà. Àlàyé rẹ̀ tò bí ti olùkọ́: gàrí wa kan, ohun tó kan kò dùn, ohun tí kò dùn, níbo ni ṣúgà máa gbà wọ inú rẹ̀? Kíkan yẹn ti pa ṣúgà. Ojoojúmọ́ ló ń mu ún lọ́sàn-án, pẹ̀lú omi tútù, láìfi ohunkóhun mú un dùn, ó sì ń kà á mọ́ oògùn. Kò dá a rò. Odidi ìlú ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tó kàwé nípa oúnjẹ títí tó fi gba oyè, tó gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kó tó di ọ̀mọ̀wé ló ti jẹ́ ará Ìjẹ̀bú.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná ò sí, ooru lé mi jáde nínú ilé, mo bá lọ kí Ọ̀gá ní ọ̀sán gangan. A sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí mo dìde, ó dìde. A jáde sójú títì, oòrùn ń yọ́ ọ̀dà. À ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ àwọn onílé tó fẹ́ kan géètì sí ẹnu àdúgbò. Ọ̀gá ní wọ́n fẹ́ ti àwa arúgbó mọ́lé ni, mo ní ta ló fẹ́ jí wa. Ìró kan ló jẹ́ kí n wo ilẹ̀. Sálúbàtà kan ń dún pà, pà, èkejì ò dún.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ọ̀gá wà lórí ọ̀dà lásán. Ó ń gbé e, ó ń gbé e kalẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, bàtà yín kan dà?"

Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mo rí i tí ẹ̀rù bà á. Kò pẹ́ lójú rẹ̀.

"Mo bọ́ ọ ni," ó ní. "Ó yẹ kí ẹsẹ̀ máa kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Lórí ọ̀dà yìí? Nínú oòrùn yìí?"

"Ìwọ Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, gbogbo nǹkan ni wàá bèèrè ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí."

Mo padà lọ mú bàtà náà. Àárín títì ló wà, nítòsí géètì rẹ̀, bí ohun tí wọ́n tò síbẹ̀. Bí mo ṣe gbé e, nǹkan gún mi ní ìka. Ìṣó kan ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ẹnu rẹ̀ yọ síbi tí ẹsẹ̀ ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká, òmíràn ti dúdú, òmíràn ṣì pọ́n. Ìṣó náà kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ó ti fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fi sìn mí sọ́nà, ẹsẹ̀ náà kò sì sọ nǹkan kan fún un.

Mo dúró lójú títì pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́.

Mo mú Ọ̀gá padà sílé, mo fi í jókòó sínú pálọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí itan mi. Òun fúnra rẹ̀ kò lè tẹ̀ débi tí yóò ti rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn. Ihò wà lábẹ́ àtàǹpàkò, etí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń rùn díẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó bi mí. Ohùn tí èèyàn fi ń bèèrè nípa ìlú tí kò dé mọ́ ló fi bèèrè.

"Egbò ni, Ọ̀gá. Ṣé kò dùn yín?"

"Tó bá ń dùn mí, ṣé mi ò ní mọ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó sọ fún mi pé òun ti ń rí àmì pupa lórí táìlì, òun sì ti bá obìnrin tó ń tún ilé ṣe wí pé epo pupa ló ń dà sílẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́, ó nù ún. Ká ní ìyàwó rẹ̀ ṣì wà, á ti rí i lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, á sì ti pariwo dé òpin àdúgbò. Ẹsẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ń fẹ́ ojú ẹlòmíràn. Nínú ilé Ọ̀gá, ojú kan ṣoṣo ló wà, ojú náà sì ń wo fóònù.

Ó ní kí n má dààmú, omi gbígbóná àti iyọ̀ ló máa kápá rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó dà á sínú abọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó dákẹ́ jẹ́jẹ́. Mo nawọ́ láti sún abọ́ náà mọ́ ọn. Mo fa ọwọ́ mi padà kíá. Omi náà lè bó adìyẹ. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ti pọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, mo da omi náà nù, mo pọn omi tútù sínú abọ́, mo sì ki ẹsẹ̀ náà padà sínú rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì nìkan lo dì mú láyé rẹ," Ọ̀gá wí. "Ọwọ́ rẹ ló rọ̀."

Fóònù bá dún. Ọmọ rẹ̀ ni, láti Kánádà. Ọ̀gá nawọ́ sí mi.

"Bá mi mú fìlà mi."

Mi ò dìde.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á kó mi lọ sí Èkó, sínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí mi ò ti ní mọ ẹnìkan. Ìwọ náà rò ó wò. Ta ni wàá máa lọ kí?"

Olóye ènìyàn ni. Ó mọ ibi tí mo ti rọ̀. Mo mú fìlà fún un. Ó gẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù ti agolo, mo sún tábìlì kékeré bo abọ́ omi náà, ó sì di bàbá tí gbogbo ọmọ ń fẹ́. Ó ní ara òun le bí ẹni tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Ó bèèrè òtútù Kánádà, ó bèèrè ọmọ. Ó gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó máa tọ́jú ara rẹ̀, nítorí ìlera ni gbogbo nǹkan. Ó sọ ìyẹn láìrẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà rí èjìká mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ní kí òun kí mi. Mo gba fóònù. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà, ẹ kú àbójútó Dádì. Ṣé ara wọn le lóòótọ́?"

Bí kò bá sọ "lóòótọ́" yẹn, bóyá ǹ bá ti parọ́. Mo fi ẹsẹ̀ ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dojú fóònù kọ abọ́, mo gbé ẹsẹ̀ Ọ̀gá sókè nínú omi, mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sí i. Ọmọ náà bèèrè ohun tó ń rí, mo ní ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Kò wò mí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti dé láti Èkó ní ọjọ́ kejì. Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ, ní kí Ọ̀gá dijú, kó máa wí nígbàkúgbà tí òun bá fi òwú kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá, tó ti lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde rí nítorí pé ó jí ìwé wò nínú ìdánwò, la ojú kan díẹ̀. Dókítà rí i, ó ní kó pa á dé. Ọ̀gá wá ń fetí sí bí aṣọ dókítà ṣe ń dún kó lè mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀. "Ó kàn mí," ó ní. Òwú ṣì wà lókè. "Ó kàn mí." Dókítà ti gbé òwú sílẹ̀. Nígbà tí òwú kàn án ní tòótọ́, láti ìka dé ọrùn ẹsẹ̀, Ọ̀gá dákẹ́, ó ń retí. Ọmọ rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Èmi ti ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn sábẹ́ àga.

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jẹ wọ́n. Èyí tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀. Èèrà tí kò sí, iyanrìn tí kò sí, ìbọ̀sẹ̀ tí kò sí, ẹsẹ̀ tó ń jó bí iná, àìlèdúró bí ojú bá dé: àìsàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ó ní ìgbà tí jíjó náà bá dáwọ́ dúró ni inú àwọn ènìyàn máa ń dùn pé ó ti san, ìgbà yẹn gan-an ló sì burú. Ó ní ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú dígí tàbí pẹ̀lú ẹni tó bá wà nílé. "Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín, bàbá?" Ọ̀gá fi ọwọ́ tọ́ka sí mi, ó tún gbé ọwọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan oúnjẹ, ó gbèjà gàrí. Ó sọ pé ó kan. Dókítà ní òun náà láti Ìjẹ̀bú ni, òun mọ̀ pé ó kan, ṣùgbọ́n bó ti wù kó kan tó, ṣúgà ló ń dà nínú ara. Ọ̀gá wo dókítà náà bí ẹni tó ta ìlú.

Wọ́n gé àtàǹpàkò náà kí wọ́n lè gba ẹsẹ̀ là, ẹsẹ̀ náà sì là. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó ẹrù rẹ̀, kó lè mú un lọ sí Èkó. Mo lọ síbẹ̀, mo bá wọn gbé àwọn ohun kéékèèké. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, Ọ̀gá kì í bá mi sọ ju ìkíni lọ. Nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀, ó sọ gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀.

"Ohun tó yẹ lo ṣe," ó ní. "Ta ni yóò máa sìn ọ́ báyìí?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ọkọ̀ náà lọ. Géètì rẹ̀ wà ní títì láti ìgbà náà, koríko ti ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣì máa ń rìn débẹ̀, màá dúró díẹ̀, màá sì yí padà. Àwọn ará àdúgbò rò pé eré ìdárayá ni mò ń ṣe, wọ́n ń kí mi kú ìlera.

Mo ti sọ ìtàn yìí títí dé ibí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn nìkan ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dojú fóònù kọ ẹsẹ̀ Ọ̀gá, ọmọ mi pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Mo wọ bùbá, mo dé fìlà, mo gbé fóònù sí ibi tí ìwé mi ti hàn lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi bèèrè bí ara mi ṣe rí. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe mí rárá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń jó mi láti ọdún tó kọjá, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.